Ìka Mẹ́wàá Ọkọ Mi

Tẹ́ ẹ bá rí káfíńtà àgbà tí ìka rẹ̀ ṣì pé mẹ́wàá, ẹ kí i dáadáa. Ní àdúgbò wa, ọkọ mi nìkan ló kù. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì lódìkejì títì, àtàǹpàkò rẹ̀ ti lọ. Ti èyí tó ń kan ilẹ̀kùn, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọkọ mi ní Ìkapé, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn nínú bí ẹni tó jẹ oyè.

Àwọn ọmọ wa ti lọ síbi iṣẹ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ igi mọ́, nítorí náà èmi ni mo máa ń bá a gba pákó. Ayùn oníná ni, ó jókòó sínú tábìlì irin, bíléèdì rẹ̀ roboto, ó yọrí jáde láàárín. Ọkọ mi á ti pákó bọ̀ láti iwájú, èmi á dúró sódìkejì, á máa gbà á bó ṣe ń jáde. Òfin kan ló fún mi: "Gbà á, má fà á." Ó sọ ọ́ títí ó fi sú mi. Tí mo bá ń gbé abọ́ oúnjẹ fún un nílé, èmi náà á ní, "Ẹ gbà á, ẹ má fà á."

Ẹ ò rí oníwàhálà bíi tiẹ̀ rí. Kó tó ṣe ohunkóhun, á kọ́kọ́ yọ ayùn yẹn kúrò lára iná, á wá fi irin onígun yẹ bíléèdì wò bóyá ó dúró ṣánṣán. Á gbé e sókè díẹ̀ péré ju bí pákó ṣe nípọn lọ. Ó ní eyín tó bá yọ jù, ẹran ló ń wá. Irin tí pákó máa fara tì, á wọ̀n ọ́n níwájú, á tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn, kó má lọ há pákó mọ́ bíléèdì, kí bíléèdì sọ ọ́ padà lu ikùn rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tó máa ń wà lẹ́yìn bíléèdì, tí kì í jẹ́ kí ojú pákó tó ti gé pa dé mọ́ bíléèdì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti yọ tiwọn sọnù nítorí ìkánjú. Tiẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Á ká apá ẹ̀wù rẹ̀, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí pákó bá sì ti kù díẹ̀, igi ló máa fi tì í, kì í ṣe ọwọ́. Tó bá wá pa ayùn, kò ní gbé ìdérí tó bo bíléèdì sókè títí bíléèdì á fi dákẹ́ pátápátá.

"Etí ni mo fi ń mọ̀," ló máa ń wí. "Ojú lè tan èèyàn."

Ọdún yìí ni mo wá ṣàkíyèsí pé ó ń wo ojú mi. Bó bá ti pa ayùn báyìí, á gbójú sókè, á tẹjú mọ́ mi bí ìgbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Mo ní háà, bàbá yìí ti tún ń fẹ́ràn mi! Èmi tí mo ti gbàgbé dígí, mo lọ ra pọ́dà. Mò ń kùn ún láràárọ̀ ká tó lọ ṣọ́ọ̀bù, eruku pákó á sì bò ó mọ́lẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní, "Ìyàwó Ìkapé, ta lẹ ń wá o?"

Mo ní, "Ọkọ mi ni. Mo sì ti rí i."

Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí lọ́dún yìí. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa, ara wọn ò yá, wọn ò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́. Tílẹ̀ bá ti ṣú, ó di "Ìyàwó mi, omi." "Ìyàwó mi, ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?" Kò sẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi á máa hanrun lọ ní tiẹ̀, èmi á máa pè é ní alábòsí nínú ọkàn mi. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ á mọ́, tí n ó tún gbọn aṣọ iṣẹ́ wọ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, tábìlì ilé ìwé là ń gé. Pákó tó kẹ́yìn jáde, mo gbà á, mi ò fà á. Ọkọ mi pa ayùn. Mo gbé pákó náà mọ́ra, mo fara ti ògiri, oorun sì jí mi gbé lórí ìdúró. Nígbà tí mo lajú, ó ti gbé ìdérí sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ sídìí bíléèdì, ó fẹ́ yọ ìrépé igi kan tó há síbẹ̀. Bíléèdì ṣì ń yí! Mo ń gbọ́ ọ, ó ń kùn wùùù bó ṣe máa ń kùn kó tó dákẹ́.

Mo pariwo. Kò gbójú sókè. Mo tún pariwo, télọ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri sáré jáde, ọkọ mi tó wà níwájú mi ò mira. Ni mo bá fi pákó ọwọ́ mi ti apá rẹ̀ dànù. Ìrépé igi yẹn fò lọ ba ògiri. Bíléèdì ti họ èékánná ìka àárín rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sórí tábìlì.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?" Ìbínú ti jẹ́ kí n gbàgbé pé àgbà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. "Ìwọ olófin gbogbo ayé! Mò ń pariwo, ṣé etí ẹ di ni?"

Ó wo ìka náà, ó wá wo ẹnu mi. "Ó di," ló wí.

Ó fìdí lé àpótí. Ó ní ó ti ṣe díẹ̀ tóun ti gbọ́ ohùn bíléèdì gbẹ̀yìn, ẹnu èèyàn lòun ń wò tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Òun ò lè sọ ọ́, torí ta ló máa gbéṣẹ́ fún káfíńtà tí ò gbọ́ ohùn ayùn rẹ̀? Iṣẹ́ yìí nìkan sì lòun mọ̀ láyé.

"Ojú ẹ ni mo fi ń mọ̀," ó ní. "Àtọjọ́ tá a ti fẹ́ra, tí ayùn bá ti ń ké, o máa ń fajú ro. Tó bá dákẹ́, ojú ẹ á tú ká. Mo wò ẹ́ lónìí, ojú ẹ ti tú ká."

Oorun ló tú u ká.

Mo jókòó sínú eruku pákó, mo sunkún. Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ pọ́dà yẹn dùn mí gan-an.

Ó ní ká ta ayùn náà. Mo ní ká tà á ká wá máa ṣe kí ni? Ohun tó bá ojú ti bá imú. Etí tèmi, etí tiẹ̀ náà ni. Láti òní lọ, tí mi ò bá tíì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì, kò gbọdọ̀ gbé ìdérí sókè.

"Tó ò bá gbá a ńkọ́?"

"Ẹ dúró síbẹ̀ di alẹ́."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé ẹní rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, ó ní tí wọ́n bá fẹ́ omi, kí wọ́n máa fọwọ́ kan òun. Mo sùn bí òkú.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi báńdéèjì wé ìka, a gé pákó kan, ó pa ayùn. Mo fajú ro títí bíléèdì fi dúró, mo wá gbá tábìlì. Kò gbé ìdérí. Ojú mi ló ṣì ń wò.

"Ó ti dákẹ́ o! Kí lẹ tún ń wò?"

"Pọ́dà tó o máa ń kùn dà?"

Mo ní ó ti tán. Irọ́ ni mo pa. Nígbà tá a délé, mo wá a jáde lábẹ́ aṣọ, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi, kí n má baà gbàgbé rẹ̀ lọ́la.