Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọmọ́tọ́ṣọ́ Tí A Fi Yin Olúwa

Bí èèyàn bá jẹ́rìí oore Ọlọ́run níwájú ìjọ, tó sì wá jẹ́ pé àìsàn ló ń jẹ́rìí sí, ta ni àwa yòókù ń kígbe "Halelúyà" sí lọ́jọ́ náà? Èmi akọ̀wé ìjọ ti gbàdúrà sí i títí. N kò tíì rí ìdáhùn.

Káfíńtà ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní Ẹgbẹ́dá, aṣọ́nà sì ni nínú ìjọ wa. Ó mọṣẹ́, àmọ́ ó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Lọ́dún 1994, títín-ín-rín kò dára fún ọkùnrin. Òkìkí àrùn éèdì ti gba ìgboro. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni bá ti jìn báyìí, ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó lọ fojú han bàbá Yẹ́misí, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ní Ìdímù, bàbá wò ó látòkè délẹ̀.

"Yẹ́misí, ọkọ lo mú wá ni, àbí ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti okùn aṣọ?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ o."

"Kó lọ sanra ná. Ọmọ mi ò ní ṣe opó ní kékeré."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dé egungun. Ó bá àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò gbé irin, èyí tí wọ́n fi agolo ọ̀dà tó kún fún sìmẹ́ńtì sí lórí méjèèjì. Wọ́n ń fi í ṣẹ̀rín: "Bọ̀dá, ẹ rọra o, kí irin má lọ gbé yín!" Ó gbàdúrà. Ààwẹ̀ ni kò lè gbà, torí ààwẹ̀ á tún mú un rù sí i.

Jàfárù tó ń kiri oògùn ní Ìyànà Ìpájà ló wá fún un ní oògùn oníhóró funfun kan. "Ẹ máa lò ó láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ máa kún ni jàre! Àwọn tẹ́ ẹ rí tó ń gbé irin yẹn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń rà á."

Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yọ, ọrùn ti ki. Ọmọ́tọ́ṣọ́ gbà pé Ọlọ́run ló rán Jàfárù sí òun. Ó bọ́ síwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní, "Ẹ bá mi yin Ẹni tó fi ẹran bo egungun mi!" A dìde, a jó. Bàbá Yẹ́misí fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n wá mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò nínú wa. Ká ní a tẹ̀ ẹ́ ni, ṣe ni ì bá jìn sínú.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ dé. Bó bá ń fá pákó lọ́wọ́, á sáré lọ tọ̀, á tún bu omi mu. Ẹ̀rù bà á, ó dá oògùn dúró lójijì. Kò pẹ́ tó fi ṣubú lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Dókítà ní ìwúlé ni, kì í ṣe ẹran. Ṣúgà ti kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oògùn ti sọ ara di ọ̀lẹ, ara ò sì lè dá dúró mọ́ láìsí i.

Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. Itan rẹ̀ ti gbẹ, ojú nìkan ló kù tó wú. Mo fẹ́ gbàdúrà, ó di ọwọ́ mi mú.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ dúró ná. Adéolú inú kọ́áyà wá kí mi lánàá. Kò béèrè àlàáfíà mi o. Orúkọ oògùn tó mú mi sanra ló ń béèrè. Ó ní ẹ̀rí mi ló wú òun lórí."

Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mi ò lè dìde mọ́, sà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ bá mi bọ́ síwájú ìjọ. Ẹ bá mi gba ẹ̀rí yẹn padà."