Ojú Màmá Mi Lára Igi

Iṣẹ́ mi ni láti máa wo bí afẹ́fẹ́ inú ilé kan ṣe rí. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ará Ìlaròó, á ní, "Wọ́n ń sanwó fún ìyẹn náà?" Wọ́n ń san án. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ ni ilé náà. Wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì kó àwọn ère igi ilẹ̀ wa síbẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ògiri tó ń sọ bí ooru àti ọ̀rinrin ṣe pọ̀ tó. Mo máa ń wò ó láàárọ̀, mo máa ń wò ó nírọ̀lẹ́, mo sì ń fi tó àwọn ọ̀gá létí. Wọn a ní kí n máa wò ó lọ.

Ìbá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀. Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Àwọn ìyá ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń yẹ́ sí, ojú màmá mi nígbà ọmọge ni bàbá sì gbẹ́ sára igi yẹn, tòun ti ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èjí rẹ̀. Màmá ò ní fọ́tò èwe kankan. Nígbà tí bàbá kú, agbo-ilé wa gbé e fún wọn kí ikán má baà jẹ ẹ́.

Nígbà tí àlejò pàtàkì kan fẹ́ wá ṣí ilé náà, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ògiri amọ̀, wọ́n kun ọ̀dà lé e, ó ń dán. Mo pariwo títí. Wọ́n ní kí n má ba ayẹyẹ jẹ́. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri tiwa ò lanu rárá, omi tó ń fà láti ilẹ̀ ló wá há sínú rẹ̀. Wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin, iná ọba ni kò sí. Ọjọ́ tí àlejò bá ń bọ̀ nìkan ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀. Igi á gbẹ lójijì, á tún rin gbingbin lọ́jọ́ kejì. Báyìí ni ojú màmá mi ṣe sán láti iwájú orí dé àgbọ̀n, tí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí n gbé e lọ sílé di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní ohun ìní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Òjò ọdún yìí ò tíì dá nígbà tí màmá ní kí n wá mú òun ní Joga-Orílé, òun fẹ́ lọ wo orí igi náà. N kò lè kọ̀. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó pẹ́. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

"Kí ni ti ara ògiri yìí ń ṣe?"

"Ó ń sọ bí ọ̀rinrin ṣe pọ̀ tó ni, Màmá."

"Ó sì sọ èyí?"

"Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́."

"Tó bá sọ ọ́ tán, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa ń wò ó, Màmá. Wọn ò gbà kí n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ìbá sàn fún mi. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó di ọwọ́ mi mú, a ń jáde lọ. Ẹnu ọ̀nà ló ti sọ ọ́, jẹ́ẹ́:

"Ọkọ mi, tó bá kan èmi gan-an, má kàn dúró máa wò mí o."

Mo ní n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ wo ẹ̀rọ.