Ọwọ́ Mi Wà Nínú Ìwé Ìbí Náà

Òmìnira ilẹ̀ wa ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́ ní Àjàṣẹ́ nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí a ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀, nínú ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, fún àwọn tí a bí ní apá òkè, ní àríwá, níbi tí àwọn Faransé kò kọ́ ilé ìwé sí tó tiwa. Ìlú wa, ìlú akọ̀wé, fárígá. Amòfin kan ní: “Òfin kò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀.” Èmi, akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́, dá a lóhùn pé ilé ìwé mọ̀ ọ́n.

Sábì, ọmọ Níkì ní apá òkè, tí mo kọ́ ní ilé ìwé Ouando ní Àjàṣẹ́, ṣe ìdánwò náà. Orúkọ rẹ̀ kò jáde. Àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ ló gba àyè náà, pẹ̀lú ìwé ìbí tó sọ pé apá òkè ni a bí wọn.

A kóra jọ síwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Táńtì Fẹ́lísì, àgbà olùkọ́ láti àdúgbò Akron, ti gba ẹ̀dà àwọn ìwé ìbí náà ní ilé ẹjọ́. Ó na ọ̀kan sí mi. Ti ọmọ bàbá kékeré mi ni, wọ́n kọ ọ́ pé Níkì la bí i sí. Ẹlẹ́rìí: èmi.

Nígbà náà, ẹni tí kò ní ìwé ìbí a máa mú ẹlẹ́rìí méjì lọ síwájú adájọ́. Bí àgbà ilé bá ní kí o wá jẹ́rìí, o kì í béèrè ohun tí wọ́n kọ. Orí ìdúró ni mo ti fọwọ́ sí i, láì kà á.

“Akọ̀wé, ṣé ìwọ lo gbẹ̀bí ní Níkì?”

“Táńtì, n kò dé ibẹ̀ rí. Bí mo bá ń kà wọ́n fún èrò, ẹ jẹ́ kí n fo tèmi.”

“Fò ó, bí ọkàn rẹ bá gbà á. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.”

Mo gorí àga, mo ka gbogbo rẹ̀, tèmi pẹ̀lú.

Bàbá kékeré mi pariwo láàárín èrò: “O ta ilé baba rẹ!”

“Bàbá, oúnjẹ ẹlòmíràn la jẹ.”

Kí ni a rí gbà? Ìjọba ní ètò náà ń bí irọ́, wọ́n fagi lé e. Àwọn tó purọ́ kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Ojú kò ti ẹnikẹ́ni nínú wọn títí di òní.

Sábì wá dágbére. “Ọ̀gá, ẹ ṣeun tí ẹ kà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí mi ti kọjá ti ìdánwò.” Ó padà sí Níkì.

Orí àga lọ́jọ́ náà, gbogbo orúkọ àwọn tó jalè ni mo kà sétí ìlú. N kò rántí dárúkọ ẹni tí a jà lólè. Ìyẹn ṣì wà lọ́rùn mi.