Ewúrẹ́ Ọlọ́pàá

Ewúrẹ́ kan gùfẹ̀ sí mi létí lọ́jà ẹran ní Jidda lánàá, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà èwe mi lórí òkè Nakásà, àdúgbò tí à ń gbé ní Mẹ́kà, ni mo rántí.

Bàbá mi, tó ti ṣe dókítà ẹran ní Ìlọrin rí, ń sọ ìtàn màlúù tó gbé fìlà ọba mì fún wa. Ẹ̀rín ń pa wá lọ nígbà tí ọlọ́pàá kan kan ilẹ̀kùn. Màmá fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Mo rò pé eré ni.

Ọlọ́pàá náà gbé ewúrẹ́ kan tí ikùn rẹ̀ wú bíi bọ́ọ̀lù dání. Ó fi Lárúbáwá sọ pé ìrẹsì ìgbéyàwó ló jẹ jù, àwọn aládùúgbò ló sì júwe ilé wa.

Bàbá ní, "Àlàájà, gbé òróró wá."

Ó rọ òróró sí ewúrẹ́ lẹ́nu, ó ń ra á lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ẹran náà fi gùfẹ̀ bí àgbàlagbà tó jẹun yó. Ọlọ́pàá bú sẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó gbé ẹran rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé a ò ní ìwé ìgbélùú, pé ìdí nìyẹn tí àpò aṣọ wa fi máa ń wà ní dídì lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Bí ọlọ́pàá ṣe lọ tán lọ́jọ́ náà, Màmá jókòó lé àpò náà, ó mí kanlẹ̀. "Àlàájì," ló wí, "ẹ ò tíì parí ìtàn màlúù yẹn."