Màámi àti Ráútà Inú Pálọ̀

Onínúfùfù ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi bò. Tísà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ọmọ méjìlélógójì ló wà ní kíláàsì mi, ta ni kò ní bínú? Ṣùgbọ́n ìyá tó bí mi, aránṣọ ni wọ́n, mi ò sì tíì rí i kí wọ́n bínú sí òwú tó ta kókó rí. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa tú u. Bí mo bá ní kí wọ́n gé e jù nù, wọ́n á ní, "Tísà, òwú náà kò ṣẹ̀ ẹ́."

Ọdún méjì sẹ́yìn ni àìsàn kan gba etí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi ibà sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n máa jí, wọn ò gbọ́ ìró maṣíìnì ara wọn mọ́. Mo sunkún títí ojú mi wú. Wọn ò sunkún. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kó lè mọ ohun tó ń sọ. Bí wọ́n bá ń ránṣọ, wọ́n á fi ọwọ́ òsì lé orí maṣíìnì, àtẹ́lẹwọ́ wọn ló ń sọ fún wọn bí abẹ́rẹ́ bá fẹ́ kán. Àwọn oníbàárà tuntun kì í tilẹ̀ mọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí tí a kò sọ fún ni àbúrò mi ọkùnrin. Inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, ó sì ku oṣù mẹ́wàá kó gba ìwé ẹ̀rí. Màámi ní bó bá gbọ́ báyìí, á fiṣẹ́ sílẹ̀, á sáré wálé. Òótọ́ ni, mo mọ ẹni tí mo pọ̀n dàgbà. Nítorí náà, bó bá pè, èmi ni mo máa ń fi etí gbọ́ ọ, n ó la ẹnu sọ ọ́ láìfọhùn kí Màámi lè wò ó, wọ́n á wá dáhùn sínú fóònù. Bó bá béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pẹ́ kí wọ́n tó fèsì, wọ́n á ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ọkọ mi." Irọ́ náà yọ̀ lẹ́nu wọn débi pé èmi gan-an fẹ́ gbà á gbọ́.

Àfi bí aládùúgbò wa kan, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ṣe tẹ àbúrò mi láago pé òun kí ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dáhùn; bóyá ara rẹ̀ ni kò yá, bóyá kò tilẹ̀ ránṣọ mọ́. Mo dìde láti lọ bá a nílé rẹ̀. Màámi di aṣọ mi mú lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi fi iṣẹ́ ránṣẹ́: lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ àwọn á ti gúnlẹ̀, òun fẹ́ rí Màámi lórí fídíò, nídìí maṣíìnì wọn, nínú yàrá tí wọ́n ti ń ránṣọ. Bí òun kò bá rí wọn, òun ti kọ lẹ́tà tí òun máa fi fiṣẹ́ sílẹ̀.

Màámi ka iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. "Kò burú. Bí mo bá ṣáà ti rí ẹnu ẹ̀ kedere, ta ló máa mọ̀?"

Fídíò kì í lọ geere lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù wa, bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ gba ráútà tó ń pín wáífáì káàkiri ilé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, oníwáyà dé, ó dá ihò sára ògiri pálọ̀, ó fa wáyà wọlé, ó so àpótí funfun kékeré kan tó ní ìwo méjì mọ́ ọn. Ó ní bí iná àwọ̀ ewé bá ti ń tàn, ọ̀rọ̀ parí. Mo ní ṣé kò lè fa wáyà náà dé yàrá ìránṣọ tó wà lẹ́yìn pálọ̀. Ó ní ìyẹn di ọ̀sẹ̀ méjì. Páswọ́ọ̀dù tó wà nídìí ráútà kéré bí ẹyin iná orí, Màámi tó ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìlo awò ló kà á fún mi.

Ẹ wá wo ohun tí èmi ọlọ́gbọ́n ṣe. Nílé wa, ohun tuntun kì í wà níta lásán. Mo gbé ráútà sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, láàárín àwọn abọ́ tí a kì í fi jẹun, mo fi aṣọ elétí léèsì tí Màámi rán bò ó nítorí eruku, mo sì ti kọ́kọ́rọ́ pa. Iná àwọ̀ ewé ń tàn lábẹ́ aṣọ. Inú mi dùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe Màámi lórí fídíò láti ilé ìwé lásìkò ìsinmi, ká fi dán an wò. Wọ́n jókòó sídìí maṣíìnì wọn. Mi ò tíì sọ gbólóhùn kan tán tí àwòrán fi dúró gbagidi. Nígbà tí mo délé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀nà ọ̀fun ẹ ni mo rí, Tísà. Mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀."

Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Mo pe ilé iṣẹ́ oníwáyà, mo pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá ní títì dúró. Mo ní n ó tú ìwo méjèèjì, n ó dá a padà fún ẹni tó ni ín. Màámi wo ẹnu mi títí mo fi sọ ọ́ tán, wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n."

"Màámi!"

"Kí ni mo sọ tí kò dáa?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí mo ti ilé ìwé dé, mo rò pé àwọn ọmọdé ti wọlé wá ba ilé wa jẹ́ ni. Ṣọ́ọ̀kì ti kún gbogbo ilẹ̀ ilé. Màámi wà láàárín pálọ̀, téèpù lọ́rùn, ṣọ́ọ̀kì aránṣọ lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ méjì, wọ́n á dúró, wọ́n á ka iye ìlà wáífáì tó wà lójú fóònù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti gbé ráútà kúrò nínú àhámọ́ mi, wọ́n gbé e sórí àga gíga, aṣọ ti kúrò lórí rẹ̀. Mẹ́ta ni gbogbo pálọ̀. Ilé ìdáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìránṣọ, mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ìránṣọ, níbi tí àga wọn wà gan-an, ọ̀kan.

"Kì í ṣe jíjìn ló fà á," ni wọ́n wí. "Ilé ìdáná pàápàá jìn jù ú lọ. Wo àwọn ọ̀kan ọ̀kan yìí."

Mo wò ó. Gbogbo àwọn ọ̀kan náà tò sójú kan, gbọọrọ, bí òjìji. Mo tẹ̀ lé e títí ojú mi fi kan ògiri. Dígí Màámi ló wà níbẹ̀, èyí tó ga tó ìlẹ̀kùn, tí àwọn oníbàárà máa ń wo ara wọn nínú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí pálọ̀. Ara rẹ̀ ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń kọlù tó ń padà. Oníwáyà tó lọ sílé ẹ̀kọ́ kò rí i. Aránṣọ ló fi ṣọ́ọ̀kì rí i. Mo di ìyá mi mọ́ra, mo sì ń yangàn bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wọ̀ mí lára. Dígí yẹn ni etí wọn. Ẹnu ọ̀nà tó kọ sí títì wà lẹ́yìn wọn bí wọ́n bá jókòó, inú dígí ni wọ́n ti ń rí ẹni tó bá wọlé. Látìgbà tí wọn ò ti gbọ́ràn mọ́, kò sẹ́ni tó dé bá wọn lójijì.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún un. Ẹ ò ní rí ẹni tó ń wọlé mọ́."

"Ẹni tó bá wọlé á fọwọ́ kàn mí." Wọ́n ti ń nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́. "Oṣù mẹ́wàá péré ni. Wá bá mi gbé e."

Àwa méjèèjì gbé dígí náà kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀yìn mi ṣì ń ro mí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Aago mẹ́rin ọjọ́ Ìsinmi, Màámi gbé fóònù ti agolo bọ́tìnnì. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti máa ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n lé mi jáde. "Bó bá rí i pé mò ń wò ẹ́, á fura." Bí mo ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Ó pè. Ojú rẹ̀ hàn ketekete. Ó béèrè oúnjẹ, wọ́n dáhùn. Ó béèrè iṣẹ́, wọ́n gbé aṣọ tí wọ́n ń rán sókè, wọ́n fa ìlà kan lójú rẹ̀ láìdúró, gbọọrọ. Ó dá àpárá, wọ́n rẹ́rìn-ín ní àsìkò tó yẹ. Ìdajì wákàtí gbáko, àwòrán kò dúró lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi rèé o! Omijé ń bọ́ lójú mi níbi tí mo wà.

"Ẹ̀gbọ́n mi dà?" ló wí. Mo nu ojú, mo wọlé, mo sì wò ó dáadáa. Àgbọ̀n rẹ̀ ń dán. Ọmọ tí kò jẹ́ kí abẹ fara kan irùngbọ̀n òun láti ọdún mẹ́sàn-án!

"Ta ló fá ẹ báyìí?"

Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́. "Mo ti mọ̀ tipẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló ń pẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn? Mo fá a kí wọ́n lè rí ẹnu mi ni. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá àìgbọ́ràn náà ti borí wọn. Kò borí wọn. N ó ya lẹ́tà yẹn. Ẹ má sọ fún wọn o."

"Kí ló ń bo ẹnu sọ?" ni Màámi wí.

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó rọra sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Mo ní ẹ kú iṣẹ́, Màámi."

Màámi yíjú sí mi, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kì í mọ ìwọ̀n rẹ̀, gbogbo títì ló gbọ́: "Ṣé o rí i, Tísà? Kò mọ nǹkan kan!"

Àbúrò mi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi tí n kì í lè gbé ọ̀rọ̀ mì, mo kọjú sí ìyá mi kí wọ́n lè rí ẹnu mi dáadáa.

"Kò mọ̀ rárá, Màámi."