Ọwọ́ Òsì Ọmọbìnrin Náà

Bí ẹ bá rí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ẹ ò ní gbà pé abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni. Kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. Má-fojú-di-mí ni wọ́n ń pè é níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Àwọn tó fojú di í lè sọ ìyókù fún yín, bí ètè wọn bá ti rọ̀.

Láti kékeré, ohun kan ṣoṣo ló ń lé: kó di ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ ń bọ́. Ní ọ̀sán a máa rán aṣọ ilé ìwé, ní ìrọ̀lẹ́ a máa lọ lu àpò oníyanrìn. Èmi àbúrò rẹ̀ ni mo ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti aṣọ ìnura tẹ̀ lé e. Èmi náà kò ní sùúrù. Ẹni tó bá bú u láti ẹ̀yìn, èmi ni mo ń dá a lóhùn.

Ìgbà tó yẹ kó fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀ ni kò yé dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ilé wa. Màmá ní kó jáwọ́ kí imú rẹ̀ tó wọ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń wakọ̀ fún ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, ní òun ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń mí kanlẹ̀ lórí oúnjẹ. Kóòṣì tó ń kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́ ní ó ku ìdíje kan péré, ó sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Èsì kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi ń fún gbogbo wọn: “Ẹ fi mí sílẹ̀. Bó bá tó àkókò, èmi fúnra mi ni màá mọ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. Mo ti rí àwọn tí kò mọ̀ títí wọ́n fi gbé wọn jáde.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó ń gbé ìjà olówó kalẹ̀ wá wo àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá borí ni yóò mú. Ọmọbìnrin gíga kan ni wọ́n fi kò ó lójú, ara rẹ̀ yá gágá, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ju ẹ̀ṣẹ́ ló ń sọ ọwọ́ òsì rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tètè rí i, ó sì ń gba ibẹ̀ lù ú. Kò pẹ́ tí ojú ọmọ ọlọ́mọ fi wú.

Etí mi ló gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wá sọ fún un. “Ọwọ́ òsì rẹ. Gbé e sókè.”

Ọmọbìnrin náà gbé e sókè. Ẹ̀ṣẹ́ tó tẹ̀ lé e balẹ̀ sórí ìbọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì rẹ́rìn-ín. Kóòṣì yíjú sí mi. “Ṣé orí ẹ̀gbọ́n rẹ pé báyìí?”

“Ẹ máa wo ìjà yín, sà,” ni mo dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ ohun tí èmi náà ń bi ara mi nìyẹn.

Síbẹ̀ ó borí. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ọkùnrin tó ń gbé ìjà kalẹ̀ náà bá wa nínú yàrá ìmúra, ó ní kó wá rí òun ní ọ́fíìsì. Ẹ̀gbọ́n mi ń tú aṣọ tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀.

“Ẹ ṣé, sà. Mo ti parí.”

“O parí kí ni?” Kóòṣì ló sọ bẹ́ẹ̀. “Ìwọ lo borí o.”

“Mo mọ̀ pé èmi ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ń jà, bí mo bá rí ibi tó ṣí lára ènìyàn, ibẹ̀ ni mo ń gbà wọlé. Lónìí mo rí ọ̀kan, mo ní kó pa á dé. Mi ò tiẹ̀ rò ó, ó kàn jáde lẹ́nu mi ni. Àwọn tó kù tí màá bá pàdé níwájú, wọn ò ní sọ ti ọwọ́ òsì mi fún mi.”



Nígbà tí a délé, Màmá tó ti ń gbàdúrà kó jáwọ́ ló kọ́kọ́ figbe ta. “Wọ́n wá gbà ọ́ tán, o wá ní o ò ṣe mọ́?” Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ bu oúnjẹ kún àwo, ó sì jẹ ẹ́ tán láì mí kanlẹ̀.

Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó na ọwọ́ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ mi.

“Gbé e wá,” ó ní. “Ìwọ náà ti gbé e tó.”