Ọ̀gá Mi Wá Gbẹ́ Búṣì

Nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú kí gbogbo nǹkan wọ́n, dé, iléeṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ irin ní Sango dá ọ̀pọ̀ wa dúró. Mo ra ẹ̀rọ léètì àlòkù kan, èyí tí ń yí irin bírí kí ọ̀bẹ lè gbẹ́ ẹ, mo gbé e sẹ́yìn ilé tí mo háyà ní Oju Ore. Búṣì ni mo ń gbẹ́ fáwọn onímọ́tò, idẹ roboto tó nihò nínú, tó ń di sípíríǹgì mú lábẹ́ ọkọ̀. Tuntun ti kọjá agbára wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ní iléeṣẹ́ náà wọlé. Wọ́n ti dá òun náà dúró, píkọ́ọ̀pù ló fi ń kó iṣu láti Alapoti. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.

Ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ rẹ gbẹ́ búṣì kan fún píkọ́ọ̀pù mi. Mo mú idẹ tèmi wá."

Ọkùnrin yìí, bí iṣẹ́ wa bá fi bíńtín yàtọ̀, á jù ú dànù lójú gbogbo èèyàn, á ní ewúrẹ́ ni ìyá wa ìbá bí, kí wọ́n lè rí ẹran jẹ.

"Ẹ máa gbẹ́ ẹ, sà," ni mo wí. Mo wá pe àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń dúró de iṣẹ́ wọn pé kí wọ́n wá wo ọ̀gá.

Ó gbẹ́ ẹ títí, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan idẹ. Mo fi kálípà wọ̀n ọ́n. Ihò rẹ̀ ti fẹ̀ jù.

Mo ní, "Ewúrẹ́ ni ìyá yín ìbá bí," mo sì jù ú sínú òkìtì irin wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ ti gé sílẹ̀.

Àwọn dẹ́rẹ́bà bú sẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ lásán wá a nínú irin tó mú bíi bíléèdì. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Ìyàwó mi fi aṣọ tó ń fọ̀ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn wá a."

Mi ò dìde. Ó rí i fúnra rẹ̀, ó fi fìlà nu ọwọ́, ó ní, "O ṣeun," ó sì lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀tà láti ra epo ẹ̀rọ. Mo rí píkọ́ọ̀pù náà tó ti ṣubú sí kòtò, tí àwọn èèyàn ń ṣa iṣu rẹ̀ lọ. Ọ̀gá jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń pariwo.

Ọlọ́kadà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká dúró?"

Mo ní kó máa lọ, kí àwọn tó ń ta epo má baà ti ṣọ́ọ̀bù. A bá ṣọ́ọ̀bù ní ṣíṣí. Mo ra epo mi.